Ìka Ẹsẹ̀ Mẹ́ta àti Ìyá Tí Kì Í Sinmi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Òjò ti dá, oko ò ṣe é lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé iṣẹ́ ń pe òun nínú ẹrẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ní èkùrọ́ lẹ́nu, kó tètè jẹ ẹ́ tán, nítorí mi ò fẹ́ kí ariwo eyín ẹnikẹ́ni dí ìtàn mi lọ́wọ́. Èmi Ọdẹ́gbàmí ọmọ Ọdẹ́jínmí, ará Òkè-Agbede, èmi tí mo fi ọta kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n méjì nígbà tí ọ̀kan dúró sẹ́yìn èkejì, èmi ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má wo ẹsẹ̀ òsì mi bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé òun lẹ ti ń wò láti àárọ̀. Ẹ ti ka ìka tó wà níbẹ̀, ẹ bá méjì, ojú wá ń tì yín láti bi mí pé níbo ni mẹ́ta yòókù wà. Ẹ fara balẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èèwọ̀ kan tó wà nínú ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú wa. Ọdẹ kì í sọ nínú igbó pé ó rẹ òun. Àwọn baba wa ní bí igbó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu èèyàn, ó ti mọ ẹni tí òun máa gbé mì nìyẹn. Àmọ́ ẹran ara ò mọ èèwọ̀. Nítorí náà, bí ó bá rẹ ọdẹ ìlú wa, ńṣe ni yóò dúró, yóò fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, yóò ní, "Mò ń gbọ́ igbó." Gbogbo àwọn tó bá tẹ̀ lé e á dákẹ́ títí èémí rẹ̀ á fi balẹ̀. Ọgbọ́n àgbà ni, ẹnikẹ́ni ò sì rí láburú kankan níbẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo gbọ́ igbó ní àgbọ́jù. Láti bí ọdún méjì, bí mo bá gun òkè kékeré, mo gbọ́ igbó. Bí mo bá rìn láti ìdí ìrókò dé ìdí àràbà, mo tún gbọ́ igbó. Àyà mi á máa lù, èémí á máa jáde tagbáratagbára, èmi á fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, èmi á sì di ojú pọ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Nígbà tó yá, àwọn ọdẹ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Wọ́n ní etí bàbá yìí mú débi pé ó lè gbọ́ ìgbà tí ìgbín bá ń ronú. Wọ́n sọ mí ní Elétí-Igbó, mo sì gba oyè náà láìsan owó ìwúyè kankan. Nílé, ẹsẹ̀ mi a máa wú. Irọ̀rí mẹ́ta ni mò ń tò léra kí n tó lè sùn, torí bí mo bá dùbúlẹ̀ gbalaja, èémí ò ní í tó mi. Ìyá Dérera, ìyàwó mi, bi mí pé kí ló dé. Mo ní àgbà ọdẹ kì í sùn pátápátá, kí ẹran má baà ká a mọ́lé. Ó wò mí títí, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹran ti ń ra ìbọn báyìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìka tó kéré jù lẹ́sẹ̀ òsì mi tutù. Mo fi ọwọ́ ra á, kò gbóná. Lọ́jọ́ kejì àwọ̀ rẹ̀ yí padà, lọ́jọ́ kẹrin ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fi òrí pa á, mo fi omi gbígbóná jó o, mo so ewé mọ́ ọn. Dúdú náà ò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe nǹkan kan. Ó kọjá sí ìka kejì, ó sì dé ìkẹta. Lákọ̀ọ́kọ́ ó dùn mí gan-an, àmọ́ nígbà tó yá, kò dùn mí mọ́ rárá, inú mi wá ń dùn. Mo fi abẹ́rẹ́ gún un, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo pe ìyàwó mi pé kó wá wo akọni tí abẹ́rẹ́ ò ràn. Ó wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Dérera, ohun tí kò bá dun èèyàn mọ́ ti kúrò lára èèyàn. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

Mo ní ọsibítù kọ́. Mo ní ẹnì kan ló ń jí ìka mi kó lọ́kọ̀ọ̀kan, olè ni, ìbọn sì ni oògùn olè. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọdẹ tí kò ní ẹsẹ̀, àga ìdí ògiri ni. Bí dúdú yẹn bá fi gba gbogbo ẹsẹ̀ mi, ohun tí mo jẹ́ láyé ti parí. Àwọn àgbà ọdẹ sì ti sọ fún wa pé ìlú kan wà ní òpin Igbó Ìkángun, níbi tí gbogbo ohun tó jẹ́ òpin lára èèyàn, bí ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀, ti ní ará àti ojúlùmọ̀. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká ní kùtùkùtù, mo dorí kọ ibẹ̀. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò kí mi pé ó dàbọ̀.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi bá iwin kan tó jókòó sórí gbòǹgbò. Imú mẹ́ta ló ní, ó sì ń fi wọ́n sín lẹ́sẹẹsẹ. Ó bi mí pé kí lorúkọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi, mo ki baba mi, mo ki baba ńlá mi, mo ki títí dé orí ajá mi. Nígbà tí mo ki oríkì tán, ó ní ṣé orúkọ gbogbo ìlú lòun bi mí ni. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí n kọjá àyàfi bí mo bá dáhùn ìbéèrè kan: nínú ilé ńlá tí ìyàn mú, ta ni ebi kọ́kọ́ ń pa? Mo ní ọmọdé ni, torí òun ló ń ké. Ó sín sí mi lójú. Mo ní àlejò ni, ó fi imú kejì sín. Nígbà tó ku imú kan, mo rántí agboolé baba mi, tó gùn gbọọrọ, tí ìdáná wà ní orí kan, tí yàrá àǹtí baba mi sì wà ní orí kejì. Bí ọbẹ̀ bá kéré, ìyá yẹn kì í rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ní ẹni tí yàrá rẹ̀ jìnnà sí ìdáná jù ni. Iwin náà yẹ̀ fún mi. Ó ní mo ti dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ pé mo gbọ́ ohun tí ẹnu ara mi sọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú ni, mo kọjá lọ.

Bí mo ṣe dé Ìlú Ìkángun nìyẹn. Àwọn ará ibẹ̀ kò ga ju orúnkún mi lọ, èékánná sì ni wọ́n fi ṣe iwájú orí. Òtútù ń mú wọn. Wọ́n dá iná, wọ́n rọ̀gbà yí i ká, iná ń jó, ara wọn ò móoru. Baálẹ̀ wọn, Àtàǹpàkò, ló sanra jù nínú wọn, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú bọ̀. Àbúrò rẹ̀ kan fara tì í, ó ń gbọ̀n. Lórí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo rí àwọn mẹ́ta tó dùbúlẹ̀, wọ́n dúdú, wọ́n le, wọn ò mira. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Èèyàn mọ ọmọ ara rẹ̀.

Mo fa ìbọn yọ, mo ní kí wọ́n fi olè náà hàn mí. Baálẹ̀ ní kí n gbé igi yẹn kalẹ̀, kò sí olè. "Ọdẹ́gbàmí," ó ní, "òtútù la kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ọ. O fi òrí ránṣẹ́ padà. Ẹni tí ebi ń pa, ṣé òrí ni wọ́n ń fi pa á lẹ́nu?" Ó mú mi lọ sétí odò pupa kan tí gbogbo ìlú náà ń mu, ó ní kí n wò ó. Odò náà ti fà, ó ń ṣàn bí ẹni tí kò fẹ́ wá. Àwọn ògúlùtu kan ń bá omi bọ̀, bí wọ́n bá sì dé ibi tí odò ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, wọ́n á há síbẹ̀, omi ò ní ráyè kọjá mọ́. Baálẹ̀ ní, "Ọdẹ ni ọ́. Ẹran tí o yìnbọn fún lórí òkè, tó sáré lọ ṣubú sétí odò, ṣé etí odò ló ti gba ọta?"

Ogójì ọdún ni mo fi ń tọ ipa ẹ̀jẹ̀ ẹran kiri, èmi ni mo wá ń fi òrí pa ibi tí ẹran ṣubú sí. Baálẹ̀ ní kí n tọ odò náà lọ sí òkè, kí n lọ bá Ìyá Tí Kì Í Sinmi, òun ló ń rán omi sí gbogbo wọn. Bí omi ò bá dé kí oòrùn tó wọ̀, òun àti àbúrò òun yóò lọ bá àwọn tó wà lórí ẹní, lẹ́yìn wọn gìgísẹ̀, lẹ́yìn gìgísẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi jí àwọn mẹ́ta yẹn. Ó ní àwọn yẹn ti lọ, kí n lọ bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tó ṣì ní ẹ̀mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn ẹ̀kùn àti ti erè, ẹ máa gbọ́ tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò pẹ́, èémí mi ò tó mọ́. Mo dúró, mo fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, mo ní, "Mò ń gbọ́ igbó." Iwin kan bọ́ sílẹ̀ látorí igi, ó dúró tì mí, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí tirẹ̀ náà, ó ní kí ni mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́ ìgalà. Ó ní òun ò gbọ́ ọ o, ṣùgbọ́n òun á tẹ̀ lé mi, torí àgbà kì í parọ́. Nígbà tí mo máa dúró lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti di mẹ́wàá. Nígbà ìkẹrin, wọ́n ti kún igbó bámúbámú, gbogbo wọn fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, àwọn tó ní etí mẹ́rin ń wá ọwọ́ yá. Wọ́n bi mí pé ṣé akọ ni ìgalà náà tàbí abo. Mo ní abo. Wọ́n ní ṣé ó lóyún. Mo ní ó lóyún ìbejì. Kí n tó dé ìdajì òkè, ìgalà tí kò sí ti bímọ, a ti sọ àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

Nígbà ìkeje, orúnkún mi kanlẹ̀. Arúgbó kan nínú àwọn iwin náà rọra tẹ̀ bá mi, ó gbé etí lé mi láyà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ sílé, bàbá yìí ò gbọ́ igbó, ohun kan ló ń ké nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì túká. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi mí rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo rá dé orí òkè. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀, ìyá arúgbó kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń gba omi wọlé lápá kan, tó ń tì í jáde lápá kejì. Apá rẹ̀ ti wú. Ilẹ̀kùn kan wà tí kò pa dé, tó jẹ́ pé bí ó bá ti omi jáde tán, ìdajì rẹ̀ á tún padà wọlé bá a, á sì tún un tì. Nǹkan kan hù bí olú sára ilẹ̀kùn náà, bí ilẹ̀kùn bá sì ti gbá, díẹ̀ á já lára rẹ̀, omi á gbé e lọ. Mo wá mọ ibi tí ògúlùtu ti ń wá.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà ní kí n máa sọ̀rọ̀ bí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò tíì dúró láti ìgbà tí mo wà nínú ìyá mi. Mo ní èmi ni Ọdẹ́gbàmí tó fi ọta kan pa ẹfọ̀n méjì. Ó ní òun mọ̀, òun lòun gbé mi dé ibẹ̀, òun sì lòun gbé mi dé ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rán omi sí àwọn ará Ìkángun. Ó ní ohun tí òun ní lòun ń rán. Orí gbọ́dọ̀ mu, ẹ̀dọ̀fóró gbọ́dọ̀ mu, kíndìnrín gbọ́dọ̀ mu, kí ó tó dé òpin, ó ti di ìrì. Mo ṣèlérí ẹran gbígbẹ oníyọ̀ fún un. Ó ní iyọ̀ tí mò ń dà sí ẹran yẹn wà lára ohun tó mú apá òun wú. Mo ní kó jẹ́ kí n yìnbọn sí olú ara ilẹ̀kùn. Ó bi mí pé bí mo bá yìn ín tán, níbo ni èmi máa dúró sí.

Ó ní àwọn kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ilẹ̀kùn òun, wọn ò sì jìnnà sí ilé mi. Ṣùgbọ́n ta ló máa ran ẹni tó ní òun ò rù nǹkan kan lọ́wọ́? Ó ní kí n sọ ohun tó ń ṣe mí. Mo ní ìka ẹsẹ̀ ni. Ó ní rárá. Mo wo ojú ọ̀run, oòrùn ti ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

"Èèwọ̀ ni, ìyá," mo wí.

"Ta ló kà á léèwọ̀?"

"Àwọn baba wa ni."

"Níbo ni wọ́n wà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ọ̀kan jókòó sùn, kò jí. Ọ̀kan ṣubú lójú ọ̀nà oko. Baba tèmi, Ọdẹ́jínmí, dúró lábẹ́ igi kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fara ti igi, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, ó ní òun ń gbọ́ igbó. Àwa ọmọ rẹ̀ dákẹ́. A ò fẹ́ dí i lọ́wọ́. A dúró tì í títí oòrùn fi wọ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi tó fọwọ́ kàn án.

Mo pariwo ẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Ó rẹ̀ mí. Ó ti rẹ̀ mí láti ọdún méjì. Èémí mi ò tó mi. Ẹ gbà mí."

Igbó ò gbé mi mì. Ohùn èèyàn ló dá mi lóhùn. Àwọn ọdẹ kéékèèké tí ìyàwó mi rán jáde láti wá mi ló gbọ́ mi, wọ́n bá mi nísàlẹ̀ òkè tí mo rò pé mo ti gùn dé orí, ibẹ̀ ò jìnnà sí oko ẹ̀gẹ́ ìyàwó mi rárá. Wọ́n gbé mi sáàárín ọ̀kadà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ìyá Dérera ti dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, ó ti di aṣọ sápò. Kò bi mí léèrè olè náà.

Dókítà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fẹhíntọlá, fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà gbọ́ mi títí. Ó ní ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn mi kò pa dé, nǹkan sì ti hù sí i lára, òun ló ń já tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé e lọ dí ọ̀nà ẹsẹ̀ mi. Ó ní ó ti rẹ ọkàn náà pẹ̀lú. Mo ní mo mọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni mo ti ń bọ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé. Mo rò pé ibà ló kọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí nítorí ìka mẹ́ta yẹn, mo ní kó fún wọn lóògùn, bó ti wù kó korò tó. Ó jókòó tì mí lórí ibùsùn. Ó ní, "Bàbá, àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ jẹ́ kí n yọ mẹ́ta, kí n lè jà fún ẹsẹ̀."

Mo gbà.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n yọ wọ́n, Olúọdẹ wa, bàbá Ọdẹ́yalé, kó àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá láti wá bi mí ìdí tí mo fi jẹ èèwọ̀. Òkè ni yàrá wa wà, wọ́n sì gun àtẹ̀gùn. Bàbá wọlé, wọ́n le ojú koko, wọ́n ya ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ni wọ́n bá fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. Gbogbo àwọn àgbà dákẹ́, bí àṣà wa. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá bèèrè pé kí ni bàbá ń gbọ́. Èmi ni mo ní, "Ó rẹ̀ wọ́n ni." Bàbá wò mí, mo rò pé wọ́n máa gégùn-ún. Wọ́n rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n ní, "Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi," wọ́n sì jókòó sórí ibùsùn mi. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bàbá ò bá àwọn àgbà yòókù padà sílé lọ́jọ́ náà. Ibùsùn wọn jẹ́ ìkejì sí tèmi, wọ́n sì ń hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rántí ẹfọ̀n.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Oògùn ń wọ iṣan mi lójoojúmọ́, ìka méjì tó kù sì ṣì tutù. Dókítà ò ṣèlérí nǹkan kan. Ní àràárọ̀, ìyàwó mi á wọlé, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìka méjèèjì, á dúró díẹ̀, á wá ní, "Kò tíì gbóná." Èmi náà á yíjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́jọ la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó fọwọ́ bò wọ́n, kò sọ̀rọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí omi lójú rẹ̀. Mo ní ó dáa, Ìyá Dérera, ẹsẹ̀ ti lọ nìyẹn, kó má sunkún.

Ó ní, "Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Èmi tí mo fi ọta kan pa ẹfọ̀n méjì sunkún níbẹ̀, lójú àwọn nọ́ọ̀sì, mi ò sì fi pamọ́. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Bí ẹ bá ti dé, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó bọ́ aṣọ, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá yín.